Bakitéríà ló ṣe é, kí ló wá sọ ọ́ di ẹ́ńsáìmù èèyàn?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nínú làbù ni, wọ́n wá gbé tíúbù kékeré kan fún mi pé kí n lọ wọn agbára ẹ̀. Wọ́n kọ "recombinant human carbonic anhydrase II" sí i lára, nísàlẹ̀ wọ́n tún kọ ọ́ pé inú E. coli ni wọ́n ti ṣe é. Ó wá rú mi lójú. Tó bá jẹ́ bakitéríà ló ṣe é, kí ló kan èèyàn níbẹ̀? Àbí ara òkú ni wọ́n ti kọ́kọ́ yọ ọ́ ni? Iṣẹ́ wo ló tiẹ̀ ń ṣe nínú sẹ́ẹ̀lì wa, ṣé iṣẹ́ yẹn náà ló máa ṣe nínú tíúbù tí mo fẹ́ fi dán an wò?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ìwọ náà kú iṣẹ́ o. Kọ́kọ́ fọkàn balẹ̀ ná, kò sóhun tó jọ òkú nínú tíúbù ẹ. Ìbéèrè ẹ dáa gan-an, torí mo mọ àwọn tó ti lo ọdún márùn-ún nínú làbù tí wọn ò bi ara wọn ní ìbéèrè yìí rí, wọ́n kàn ń fa nǹkan náà sínú pipette ni, iṣẹ́ ń lọ.

"Human" tí wọ́n kọ síbẹ̀ yẹn, kì í ṣe ibi tí wọ́n ti rí ẹ́ńsáìmù náà ló ń sọ, bí wọ́n ṣe tò ó ló ń sọ. Wò ó báyìí: tí mo bá mú bátànì aṣọ mi lọ bá aránṣọ kan tí a ò jọ bí, tí a ò jọ gbé, tó sì rán an bí bátànì ṣe wí gẹ́lẹ́, aṣọ ta ni? Aṣọ mi ni, ara mi ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Àmọ́ ọwọ́ aránṣọ ò ní ṣàì hàn níbẹ̀. Bátànì máa ń fi ojú bọ́tìnnì hàn, kì í mú bọ́tìnnì wá, kì í sì í sọ irú òwú tí wọ́n máa fi rán an, òwú tó bá wà lọ́wọ́ aránṣọ ló máa lò. Tó o bá di èyí mú, ìyókù á rọrùn: bátànì jẹ́ ti èèyàn, aránṣọ kì í ṣe èèyàn, ọwọ́ aránṣọ yẹn ló sì sábà máa ń pinnu bóyá ohun tó rán máa lè ṣe iṣẹ́ tí tiwa ń ṣe nínú ara.

Jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó wà lọ́wọ́ ẹ. Prótíìnì ni ẹ́ńsáìmù, amino acid ni wọ́n sì fi ń to prótíìnì, bí ẹni to ìlẹ̀kẹ̀ sórí okùn, oríṣi ogún ni ìlẹ̀kẹ̀ náà. Tìẹ yẹn ní bí 260 lórí okùn ẹ̀. Tí wọ́n bá tò ó tán, okùn á ká ara ẹ̀ jọ, kì í sì í ṣe pé á kàn ká ṣá, ọ̀nà kan pàtó ló máa gbà ká, tó fi jẹ́ pé àwọn ìlẹ̀kẹ̀ tó jìnnà síra lórí okùn á wá bára wọn nínú kòtò kan náà. Nínú carbonic anhydrase II, histidine mẹ́ta ló ń pàdé nínú kòtò yẹn, èyí tó wà ní ipò 94, èyí tó wà ní 96 àti èyí tó wà ní 119, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á wá jọ di síńkì kan ṣoṣo mú. Síńkì yìí ni ọ̀gá ibẹ̀. Òun ló ń gba omi mú, tó ń sọ ọ́ di ohun tó lè kọlu CO2, kí CO2 tó di bicarbonate, kí hydrogen ion kan sì bọ́ sílẹ̀. Síńkì ò sí nínú jíìnì, ìyẹn bátànì tí wọ́n kọ sórí DNA, o. Jíìnì kàn gbẹ́ kòtò ni, sẹ́ẹ̀lì tó bá ṣe é ló máa wá síńkì síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ iṣẹ́ fi máa ń da zinc sulfate díẹ̀ sí omi tí wọ́n fi ń tọ́ bakitéríà náà. Bọ́tìnnì tí mo ń sọ lẹ́ẹ̀kan nìyẹn.

Kí ló ń ṣe nínú ara? CO2 tí iṣan ń tú jáde gbọ́dọ̀ wọ ẹ̀jẹ̀, kó rìn dé ẹ̀dọ̀fóró, ká tó mí i síta. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ ò rìn bíi CO2, bicarbonate ló ń rìn bí. Òótọ́ ni pé CO2 àti omi lè para pọ̀ fúnra wọn láìsí ẹni tó bá wọn dá sí i, àmọ́ wọ́n máa ń falẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kì í sì í lò tó ìṣẹ́jú àáyá kan nínú òpó tín-ín-rín inú ẹ̀dọ̀fóró kó tó kọjá lọ. Tá a bá fi í sílẹ̀ fún wọn, ẹ̀jẹ̀ á ti lọ kí wọ́n tó parí. Carbonic anhydrase II tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì pupa ló ń yanjú ẹ̀, torí ẹyọ ẹ̀ kan ṣoṣo lè sọ CO2 tó tó mílíọ̀nù kan di bicarbonate láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Kò fi bẹ́ẹ̀ sí ẹ́ńsáìmù tó yára tó o.

Ẹ́ńsáìmù kan náà yìí, tó bá wà nínú sẹ́ẹ̀lì míì, iṣẹ́ tá a máa sọ pé ó ń ṣe á yí padà, bẹ́ẹ̀ ohun tó ń ṣe gan-an ò yí padà rárá, CO2 àti omi náà ni. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí wọ́n ń jẹ eegun àtijọ́ kí tuntun lè rọ́pò ẹ̀, osteoclast ni wọ́n ń pè wọ́n, ásíìdì ni wọ́n fi ń yọ́ eegun, inú carbonic anhydrase II sì ni hydrogen ion tí wọ́n fi ń ṣe ásíìdì yẹn ti ń wá. Kíndìnrín náà ń lò ó láti da ásíìdì síta. Báwo la ṣe mọ̀? Lọ́dún 1983, William Sly àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní St. Louis, Amẹ́ríkà, fi hàn pé àwọn ìdílé kan wà tí ẹ́ńsáìmù yìí ò sí lára àwọn ọmọ wọn, eegun àwọn ọmọ náà ki jù torí kò sẹ́ni tó ń jẹ ẹ́ dà nù, kíndìnrín wọn ò lè da ásíìdì nù dáadáa, kálísíọ̀mù tún ń kó jọ sínú ọpọlọ wọn. Ẹ́ńsáìmù kan ṣoṣo, ibi mẹ́ta ló ti bà jẹ́. Rántí orúkọ Sly yẹn, a ṣì máa padà bá a.

Ó yá, báwo ni bakitéríà ṣe wá mọ bátànì èèyàn kà? Èdè kan náà ni, àbùjá ọ̀rọ̀ ọ̀hún nìyẹn. Lẹ́tà mẹ́ta mẹ́ta lórí DNA dúró fún amino acid kan, ohun tó sì dúró fún nínú èèyàn náà ló dúró fún nínú E. coli, èdè ò yàtọ̀. Ohun tó fẹ́ dí ọ̀nà ni pé jíìnì èèyàn máa ń ní àwọn ìpín kan láàárín tí kì í ṣe ara bátànì, sẹ́ẹ̀lì wa máa ń gé wọn dà nù nínú ẹ̀dà RNA kó tó lò ó, bakitéríà ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń gé e. Ìyẹn lo ṣe máa ń rí i tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ cDNA: wọ́n á mú RNA tí sẹ́ẹ̀lì èèyàn ti gé tán, wọ́n á fi ẹ́ńsáìmù tí Temin àti Baltimore rí lọ́dún 1970 kọ ọ́ padà sí DNA. Lóde òní ṣá, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wá RNA kankan kiri mọ́, wọ́n á tẹ lẹ́tà ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ tó ń kọ DNA, wọ́n á sì ṣe é ránṣẹ́ padà. Nígbà yẹn wọ́n tún lè pààrọ̀ àwọn lẹ́tà tí E. coli kì í fi bẹ́ẹ̀ lò, bíi AGA àti AGG tí wọ́n dúró fún arginine, sí èyí tó mọ́ ọn lára, láìyí ìlẹ̀kẹ̀ kankan padà.

"Recombinant" yẹn gan-an, ohun tó túmọ̀ sí ni pé wọ́n gé DNA láti ibì kan, wọ́n so ó mọ́ DNA ibòmíì. Cohen àti Boyer ló fi plasmid, ìyẹn òrùka DNA kékeré tí bakitéríà máa ń ní, ṣe é nínú E. coli lọ́dún 1973, nígbà tó fi máa di 1982 insulin èèyàn tí bakitéríà ṣe ti gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà. Insulin kì í ṣe ẹ́ńsáìmù o, jọ̀ọ́ má lọ kọ ọ́ síbì kankan pé èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀, òun ló kàn la ọ̀nà tí àwọn ẹ́ńsáìmù gbà kọjá.

Tí jíìnì bá ti wà nínú E. coli, iṣẹ́ yá nìyẹn. Tí ibi tó wà bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kòkòrò yẹn lè di méjì láàárín nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Wọ́n á jẹ́ kó pọ̀, wọ́n á da kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ IPTG sí i láti sọ fún un pé ó yá, bẹ̀rẹ̀ sí í to prótíìnì yìí, tó bá ṣe lálẹ́ ọjọ́ kan, láàárọ̀ wọ́n á fọ́ ọ wọ́n á sì wá bí wọ́n ṣe máa yọ ohun tí wọ́n ń wá láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún prótíìnì tí bakitéríà náà ní fúnra ẹ̀. Bóyá wọ́n kọ "His-tag" sára tíúbù ẹ, tún un wò. Histidine mẹ́fà ni wọ́n so mọ́ ìdí okùn, torí histidine fẹ́ràn láti di irin mú, bí mẹ́ta yẹn ṣe di síńkì mú nínú kòtò náà ni mẹ́fà yìí ṣe ń di nickel mú lórí kọ́lọ́ọ̀mù, ìyẹn òpó kékeré tí wọ́n kó ohun tí nickel wà lára ẹ̀ sí. Wàá rí kọ́lọ́ọ̀mù náà, àwọ̀ búlúù tó rọra fẹ́ jọ ewé, wàá da gbogbo omi bakitéríà tí wọ́n fọ́ yẹn gba orí ẹ̀ kọjá, ìyókù á ṣàn lọ, tìẹ á dúró. Lẹ́yìn náà lo máa da imidazole sí i, imidazole yìí jọ ìdí histidine gan-an, á gba àyè lọ́wọ́ prótíìnì ẹ, prótíìnì á sì já bọ́ sínú tíúbù. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, mo ti da kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ DTT sínú omi tí mo ń lò torí mo rò pé mò ń dáàbò bo ẹ́ńsáìmù mi, ojú mi báyìí ni kọ́lọ́ọ̀mù búlúù yẹn di bráwùn látòkè wá sísàlẹ̀. Ọ̀gá mi kàn wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó ní "o ti ba nickel jẹ́". Mi ò gbàgbé látọjọ́ yẹn.

Carbonic anhydrase II jẹ́ ọmọ dáadáa, mo fẹ́ kó o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Inú sẹ́ẹ̀lì lásán ló ń gbé nínú ara wa, kò nílò ṣúgà tí sẹ́ẹ̀lì wa máa ń lẹ̀ mọ́ àwọn prótíìnì kan lára, kì í yọnu láti ká, E. coli ń ṣe é bí ẹni ń ṣeré. Èyí tó wà lọ́wọ́ ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ sí èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ nísinsìnyí. Àwọn tó kù ni ìjàngbọ̀n wà níbẹ̀.

Nígbà míì E. coli á to okùn náà pé pérépéré, ìlẹ̀kẹ̀ kan ò ní sọnù, síbẹ̀ kò ní ká dáadáa, gbogbo ẹ̀ á sùn pọ̀ di nǹkan funfun líle bíi ẹfun ní ìsàlẹ̀ tíúbù, tó o bá fi ìka tẹ tíúbù náà kò ní mì. Inclusion body ni wọ́n ń pè é. Bátànì pé, aṣọ ò ṣeé wọ̀. Ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn prótíìnì tí ń jáde síta sẹ́ẹ̀lì wa, torí cysteine méjì méjì ló máa ń so ìdè láàárín ara wọn nínú wọn, inú E. coli kì í sì í jẹ́ kí irú ìdè yẹn dúró. Wo tPA, ẹ́ńsáìmù tó ń wá ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti dì nínú òpó, tó ń gé plasminogen kó lè di plasmin, plasmin yẹn ló wá ń jẹ fibrin tó mú ẹ̀jẹ̀ dì. Amino acid 527 ló ní, ìdè cysteine mẹ́tàdínlógún. Ta ló máa fún E. coli nírú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀? Inú sẹ́ẹ̀lì CHO ni wọ́n gbé e lọ, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì tí Theodore Puck mú láti inú ilé ẹyin eku hámústà kan lọ́dún 1957 tó sì ń pọ̀ sí i títí dòní olónìí. Lọ́dún 1987 ni wọ́n fọwọ́ sí i ní Amẹ́ríkà fún àwọn tí ẹ̀jẹ̀ dídì dí òpó ọkàn wọn, ìyẹn heart attack, alteplase lorúkọ ẹ̀, nígbà tó di 1996 wọ́n tún fọwọ́ sí i fún rọpárọsẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ dídì fà, tí àwọn dókítà fi máa ń sáré torí ó ní iye wákàtí tí wọ́n lè fi fún èèyàn kó tó bọ́, wákàtí mẹ́rin àtààbọ̀ ni ọ̀pọ̀ ibi ń tẹ̀ lé báyìí.

Ìgbà yẹn làwọn kan wá ṣe ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ó dáa, tí E. coli ò bá lè rán agbádá, kó rán bùbá. Wọ́n gé tPA kù sí amino acid 355, wọ́n fi apá tó ń gé nǹkan sílẹ̀, wọ́n yọ àwọn apá kan dà nù, wọ́n jẹ́ kó di nǹkan funfun ìdí tíúbù yẹn nínú E. coli, wọ́n wá yọ́ ọ wọ́n sì rọra tún un ká níta. Reteplase nìyẹn, 1996 ló gba àṣẹ. Kò ní ṣúgà kankan lára, torí E. coli kì í bá wa lẹ ṣúgà yẹn. Ohun tó sì ṣẹlẹ̀ ni pé alteplase kì í pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀, láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún ìdajì ẹ̀ ti lọ torí ẹ̀dọ̀ ń gbá a mú, reteplase tí wọ́n ti gé àwọn ibi tí ẹ̀dọ̀ fi ń dá a mọ̀ kúrò ń pẹ́ jù ú lọ, ni wọ́n ṣe lè gún un lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n máa lọ, dípò kí wọ́n máa fi dríìpù sí i. Nígbà míì àléébù aránṣọ ló máa ń di ẹwà aṣọ.

Àmọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ṣúgà yìí ti le jù ni inú lysosome, mo sì fẹ́ dúró síbẹ̀ díẹ̀ torí ibẹ̀ ló ti hàn jù lọ pé bátànì nìkan ò tó. Lysosome ni àpò tí sẹ́ẹ̀lì ti ń da ìdọ̀tí ẹ̀ nù, Christian de Duve ló ṣàlàyé ẹ̀ lọ́dún 1955, inú ẹ̀ kún fún ẹ́ńsáìmù tó ń jẹ nǹkan wó. Tí ọ̀kan nínú wọn ò bá sí, ohun tó yẹ kó jẹ á máa kó jọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì ní àìsàn tiẹ̀, wọ́n lé ní àádọ́ta. Nínú èyí tí wọ́n ń pè ní Gaucher, glucocerebrosidase ló sọnù, ọ̀rá kan wá ń kó jọ sínú macrophage, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì sọ́jà ara tó ń gbé ìdọ̀tí mì, ẹ̀dọ̀ á wú, ikùn á tóbi, eegun á máa dun èèyàn. Roscoe Brady ní NIH, ilé ìwádìí ìlera ti ìjọba Amẹ́ríkà, ló mọ ẹ́ńsáìmù tó sọnù yẹn láàárín ọdún 1960 sí 1969. O sọ pé ṣé ara òkú ni, ó dáa, ẹ́ńsáìmù yìí ni wọ́n yọ lára nǹkan èèyàn gan-an nígbà kan: inú ibi ọmọ, èyí tó ń jáde lẹ́yìn tí obìnrin bá bímọ, ni wọ́n ti ń fún un jáde, oògùn yẹn gba àṣẹ lọ́dún 1991. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ibi ọmọ ni aláìsàn kan ṣoṣo ń nílò lọ́dún kan. Ronú ẹ̀ wò. Lọ́dún 1994 ni èyí tí CHO ṣe, imiglucerase, wá gba àṣẹ, ará wá rọ tùù.

Nǹkan tó dùn nínú ìtàn yẹn rèé: ẹ́ńsáìmù náà máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa nínú tíúbù, àmọ́ tí wọ́n bá kàn gún un sára lásán, ẹ̀dọ̀ á gbá èyí tó pọ̀ jù mú, macrophage ò ní rí i gbà. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n gé orí ṣúgà tó wà lára ẹ̀ kúrò títí mannose, irú ṣúgà kan, fi hàn síta, torí macrophage ní ọwọ́ kan lára tó ń gba ohunkóhun tí mannose bá hàn lára ẹ̀. Ẹ́ńsáìmù náà ni, ìlẹ̀kẹ̀ kan ò yí padà, àdírẹ́sì ni wọ́n tún kọ. Lọ́dún 2012 èyí tí sẹ́ẹ̀lì kárọ́ọ̀tì ṣe náà gba àṣẹ, kárọ́ọ̀tì tiẹ̀ rọrùn níbi kan torí ó ń fi ẹ́ńsáìmù náà ránṣẹ́ sínú vacuole ẹ̀, ìyẹn àpò ńlá kan nínú sẹ́ẹ̀lì ewéko, mannose á sì ti hàn síta kó tó kúrò níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ní láti gé e.

Àwọn ẹ́ńsáìmù lysosome tó kù, àdírẹ́sì míì ni tiwọn. Lọ́dún 1968, Elizabeth Neufeld àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ da sẹ́ẹ̀lì ẹni tó ní àìsàn Hurler pọ̀ mọ́ ti ẹni tó ní àìsàn Hunter nínú àwo kan náà, àìsàn lysosome ni méjèèjì, àwọn méjèèjì sì gba ara wọn là, ohun tó kó jọ bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Ìyẹn ni pé ohun kan ń jáde látara ọ̀kan, ó ń wọ ara èkejì. Ó wá di 1977, William Sly tí mo ní kó o rántí yẹn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ fi hàn pé mannose tí phosphate wà lára ẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ tó fi ń wọlé. Nínú ara wa ẹ́ńsáìmù kan wà tí iṣẹ́ ẹ̀ ò ju kó bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ phosphate yẹn mọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀, tí òun nìkan ò bá sí, gbogbo wọn á ṣìnà, wọ́n á jáde sínú ẹ̀jẹ̀, lysosome á wà lófo. Báyìí, tí E. coli bá ṣe ẹ́ńsáìmù fún Pompe tàbí Fabry, tí wọ́n jẹ́ àìsàn lysosome míì, kódà kó ká dáadáa, kò ní ṣúgà, kò ní phosphate, kò ní àdírẹ́sì. Á kàn máa rìn kiri nínú ẹ̀jẹ̀ bí lẹ́tà tí wọn ò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sí. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé àwọn sẹ́ẹ̀lì bíi CHO ló ń ṣe wọ́n.

CHO náà ní wàhálà tiẹ̀ o, ohun ẹlẹ́mìí ni, ó lè ṣàìsàn. Lọ́dún 2009 fáírọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ń pè ní Vesivirus 2117 wọ inú ibi tí Genzyme, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe imiglucerase, ti ń tọ́ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀ ní Allston, Massachusetts, fáírọ́ọ̀sì yẹn kì í ṣe èèyàn ní nǹkan kan, sẹ́ẹ̀lì hámústà ló ń yọ lẹ́nu, àmọ́ wọ́n ní láti ti ibẹ̀ kí wọ́n fọ̀ ọ́, imiglucerase sì wọ́n gógó fún àwọn aláìsàn.

Má sì jẹ́ kí "human" tàn ẹ́ pé ara gbọ́dọ̀ gbà á. Ọmọ tó ní Pompe tí ara ẹ̀ ò ṣe ẹ́ńsáìmù yẹn rí, kódà díẹ̀, ara ẹ̀ ò mọ̀ ọ́n rí, tí wọ́n bá fún un, sọ́jà ara lè máa bá a jà bí àlejò, nítorí náà àwọn dókítà sábà máa ń tu sọ́jà ara lójú kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kì í ṣe gbogbo "recombinant" ni "human". Rasburicase, oògùn tó ń jẹ uric acid, jíìnì ẹ̀ wá láti ara ẹbu kan tó ń jẹ́ Aspergillus flavus, torí àwa èèyàn ò ní uricase mọ́, jíìnì tiwa ti bà jẹ́ tipẹ́tipẹ́, kò sí bátànì tí wọ́n fẹ́ mú lọ bá aránṣọ. Ọpọlọ náà ò rọrùn, ẹ́ńsáìmù kì í kọjá látinú ẹ̀jẹ̀ sínú ẹ̀, ni wọ́n ṣe máa ń gbé cerliponase alfa, oògùn ẹ́ńsáìmù kan tó gba àṣẹ lọ́dún 2017, gba inú kòtò ọpọlọ gan-an wọlé.

Ó dáa, padà sórí tíúbù ẹ. Ìbéèrè ẹ tó kẹ́yìn, ṣé iṣẹ́ kan náà ló máa ṣe? Bẹ́ẹ̀ kọ́, bóyá o ò retí ìyẹn. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé ìwé tí wọ́n fún ẹ ní kó o fi kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ 4-nitrophenyl acetate wọn agbára ẹ̀. Ẹ́ńsáìmù náà á gé e, nitrophenol á bọ́ sílẹ̀, omi á di yẹ́lò, wàá fi ẹ̀rọ tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ kà á ní 400 tàbí 405 nm. Kò sí nitrophenyl acetate nínú sẹ́ẹ̀lì èèyàn kankan láyé yìí. Kòtò síńkì yẹn kàn lè ṣe é ni, ó sì ń ṣe é lọ́ra gan-an, CO2 yá a lára ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlọ́po jù ú lọ. À ń lò ó torí ojú lè rí yẹ́lò, kò sì rọrùn láti wọn CO2 tó ń pòórá bẹ́ẹ̀. Nítorí náà tó o bá rí "unit" lára ìwé ẹ, wo ohun tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n kó o tó fi wé ti ilé iṣẹ́ míì, torí ẹnì kan lè fi CO2 wọn tiẹ̀ kí ẹlòmíì fi yẹ́lò wọn tiẹ̀, nọ́ńbà méjèèjì ò bára wọn tan.

Pín in sí tíúbù kéékèèké lọ́jọ́ tó o bá kọ́kọ́ yọ́ ọ, kó o tó gbé e padà sínú −80 °C. Tìẹ yìí lágbára, ó lè fara dà á, àmọ́ kó o ti fi ṣe àṣà. Èmi pa ẹ́ńsáìmù kan báyìí tí wọ́n ń pè ní kinase nígbà kan, mo yọ́ ọ mo dì í mo yọ́ ọ mo dì í bí ẹ̀ẹ̀marùn-ún, ẹ̀ẹ̀kẹfà mo tún gbé e sórí vortex, ẹ̀rọ tó ń mi tíúbù, títí ó fi ṣe fọ́ọ̀mù lókè, mo wá fi odindi ọ̀sẹ̀ kan bínú sí àwọn tó tà á fún wa. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ti inú tíúbù yẹn kan ara èèyàn tàbí ẹranko o, awọ bakitéríà máa ń ṣẹ́kù sínú ẹ̀, ibà tí ìyẹn ń fà kì í ṣe eré.

Nitrophenyl acetate yẹn máa ń fọ́ fúnra ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, pàápàá tí pH bá ga, nítorí náà má kàn rí yẹ́lò kó o máa yọ̀. Ṣe tíúbù mẹ́ta. Má fi ẹ́ńsáìmù sí ọ̀kan rárá. Fi ẹ́ńsáìmù sí ìkejì. Fi ẹ́ńsáìmù àti acetazolamide sí ìkẹta, oògùn tí àwọn dókítà ojú ń lò fún glaucoma ni, orí síńkì yẹn gan-an ló ń jókòó sí. Tí ìkẹta bá padà wálẹ̀ jọ àkọ́kọ́, carbonic anhydrase ló wà lọ́wọ́ ẹ lóòótọ́. Tí yẹ́lò ẹ̀ bá ṣì ń sáré bíi ti ìkejì, bakitéríà ti bá ẹ fi nǹkan míì sínú ẹ̀ nìyẹn, padà sórí kọ́lọ́ọ̀mù.